Ogun Libya, bọ́dà Niger, àti bí ECOWAS ṣe pín sí méjì

Ní March 17, ọdún 2011, àjọ UN dìbò lórí ọ̀rọ̀ Libya. Ìwé tí wọ́n ń pè ní Resolution 1973 ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ohun tó sì wà nínú ẹ̀ ni pé kí bàálù ogun Gaddafi, tó ń ṣàkóso Libya nígbà náà, má fò mọ́, kí àwọn tó bá lágbára sì ṣe gbogbo ohun tó bá gbà láti dáàbò bo ará ìlú. Orílẹ̀-èdè mẹ́wàá gbà á, márùn-ún ò dá sí i, ẹnikẹ́ni ò kọ̀ ọ́. Rọ́ṣíà àti China wà lára àwọn tí ò dá sí i. Naijíríà wà lára àwọn mẹ́wàá tó gbà, South Africa àti Gabon náà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa tó ń sọ̀rọ̀ lórí Niger àti Mali máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ọjọ́ tí sójà gbàjọba, bẹ́ẹ̀ ìtàn náà ti pẹ́ jùyẹn lọ, àwa gan-an sì wà nídìí ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Niger ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé. Mo mú Niger torí pé òun ló wà láàárín: ó bá Libya pààlà lókè, ó bá àwa náà pààlà nísàlẹ̀, ìpínlẹ̀ wa méje ló kan ilẹ̀ rẹ̀ láti Kebbi títí dé Borno, bọ́dà yẹn sì gùn tó nǹkan bí i 1,600 kìlómítà. Ìdí kejì ni pé Niger ò káwọ́ gbera nígbà tí ogun Libya dé, òun ló ṣe é dáadáa jù nínú gbogbo àwọn tó wà lágbègbè náà, síbẹ̀ ọdún méjìlá lẹ́yìn ẹ̀ díẹ̀ ló kù kí òun àti Naijíríà dojú ìbọn kọ ara wọn. Bó ṣe débẹ̀ ni mo fẹ́ tú palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe wà tẹ́lẹ̀. Libya ayé Gaddafi ni ibi tí àwọn ọ̀dọ́ Niger, Chad, Mali, àti tiwa náà, ti ń lọ wáṣẹ́, wọ́n ń ṣe bíríkìlà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń wa mọ́tò, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ni ọ̀pọ̀ abúlé ní Niger fi ń gbé ara wọn ró nígbà tí òjò bá kọ̀. Yàtọ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́, àwọn Tuareg, ẹ̀yà inú aginjù tó wà ní Mali, Niger àti Libya, tó jẹ́ sójà tún wà níbẹ̀. Ọ̀dá ńlá tó jà ní Sahel, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ aginjù Sahara, ní 1973 sí 1974, àti èyí tó tún jà ní 1984, ló pa ẹran wọn tán tó sì lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò nílé, Gaddafi gbà wọ́n, ó kọ́ wọn níṣẹ́ ogun, ó kó wọn sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Islamic Legion. Àwọn kan kéré nígbà tí wọ́n débẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti gboyè sójà. Gaddafi yìí kan náà ló tún máa ń dá sí i kí ìjọba Mali àti ti Niger lè bá àwọn Tuareg parí ìjà nígbà tí wọ́n bá gbé ìbọn. Mi ò sọ ọ́ láti yìn ín o, ó da ilé onílé rú gan-an, Chad mọ̀, Liberia mọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, ìbọn àwọn sójà yẹn, àti ọ̀rọ̀ àlàáfíà yẹn wà, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ yọ ẹni náà, àwọn tó fẹ́ yọ ọ́ ò bèèrè pé ta ló máa gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

AU, àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà, bèèrè, ká má parọ́ mọ́ wọn. Ní March 10, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìdìbò yẹn, wọ́n yan ààrẹ márùn-ún, ti Mauritania, Mali, South Africa, Uganda àti Congo, pé kí wọ́n lọ wá bí ìjà náà á ṣe parí. April 10 ni aṣojú wọn dé ọ̀dọ̀ Gaddafi ní Tripoli, ó ní òun gba ètò wọn, nígbà tó di ọjọ́ kejì àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní Benghazi ní àwọn ò gbà, àfi kó kúrò. Bọ́ǹbù ti ń rọ̀ láti March 19 nígbà yẹn, ta ló tún fẹ́ gbọ́ ti ìpẹ̀tù. October 20 ni wọ́n pa Gaddafi ní Sirte, October 31 ni NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tó ń ju bọ́ǹbù náà, kéde pé iṣẹ́ àwọn ti parí. Lásìkò yẹn gan-an ni àwọn mọ́tò ń gba inú aginjù wọ Agadez ní Niger àti Kidal ní Mali.

Àwọn òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ padà. Níparí ọdún 2011, iye tó padà sí Niger nìkan ti lé ní 200,000 gẹ́gẹ́ bí UN ṣe fojú bù ú, ẹ sì rántí pé ọdún yẹn gan-an ni irè oko ò ṣe dáadáa ní Sahel, ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sílé ti wá di ẹnu kan sí i tó fẹ́ jẹun. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó gbé ìbọn wá, pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù tí wọ́n de ìbọn ńlá mọ́ lórí, ọta ìbọn, bọ́ǹbù, gbogbo ohun tí wọ́n rí kó nínú àwọn ilé ìkóhun-ìjà tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ mọ́.

Ìkóríta àkọ́kọ́ nìyí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ ààbò dúró sí dáadáa.

Mahamadou Issoufou ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Niger ní April 2011 ni, bọ́ǹbù ti ń já ní Libya nígbà tó búra. Ẹni tó fi ṣe olórí ìjọba, Brigi Rafini, Tuareg ni, ọmọ agbègbè Agadez. Àwọn kan tó jẹ́ olórí ọlọ̀tẹ̀ nígbà ìjà 2007 sí 2009 náà ti ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Agadez fúnra ẹ̀. Torí náà nígbà tí àwọn ọmọ Tuareg tó jẹ́ sójà Gaddafi dé ẹnubodè, àwọn tó lè bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, tó mọ ìdílé wọn, tó mọ ọ̀nà aginjù yẹn bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀, ló dúró dè wọ́n, sójà sì wà lẹ́yìn wọn. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn kò lọ́jú pọ̀: ẹ káàbọ̀ sílé, ẹ gbé ìbọn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ní June 2011 wọ́n mú ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan tó kó Semtex tó lé ní 600 kílò, ohun tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù nìyẹn o. Saadi, ọmọ Gaddafi, náà gba Niger wọlé ní September, wọ́n mú un lọ sí Niamey, wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́, nígbà tó di March 2014 wọ́n dá a padà fún Libya.

Mali ò ṣe bẹ́ẹ̀. Iye àwọn tó padà sí Mali kéré sí ti Niger lọ́pọ̀lọpọ̀, àmọ́ wọ́n wọlé pẹ̀lú ìbọn wọn. Ìjọba rán aṣojú lọ kí wọn káàbọ̀, kò gba ohun ìjà lọ́wọ́ wọn, sójà tó wà lókè lọ́hùn-ún ò tó nǹkan, saa ààrẹ Amadou Toumani Touré sì ti ń lọ sópin. Wọ́n lọ pàgọ́ sí àwọn òkè tó wà lágbègbè Kidal. Ní October 2011 wọ́n dá ẹgbẹ́ MNLA, tó fẹ́ gba òmìnira fún òkè Mali, sílẹ̀, kọ́nẹ́ẹ̀lì kan tó ti wà nínú ọmọ ogun Libya ló sì di olórí ogun wọn. January 17, 2012, wọ́n kọlu ìlú Ménaka. Àwọn sójà Mali ń kú, wọ́n ní ìjọba ò fún àwọn ní ohun ìjà gidi, inú bí wọn, wọ́n gbàjọba ní Bamako ní March 22 nígbà tí ìdìbò tó yẹ kó mú ààrẹ tuntun wá ku bí oṣù kan. Kúù yẹn ló wá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Kidal bọ́ ní March 30, Gao bọ́ lọ́jọ́ kejì, Timbuktu bọ́ ní April 1. April 6 wọ́n kéde òkè Mali gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè tuntun, Azawad, nígbà tó fi máa di ìparí June àwọn ẹgbẹ́ jihadi, ìyẹn àwọn agbébọn tó ń jà lórúkọ ẹ̀sìn, Ansar Dine, AQIM àti MUJAO, ti lé MNLA fúnra wọn jáde ní àwọn ìlú ńlá, wọ́n ń fi àáké wó ibojì àwọn ẹni mímọ́ ní Timbuktu.

Ogun kan náà, ìbọn kan náà, aginjù kan náà. Èyí tó gba àlejò tó pọ̀ jù ló dúró, èyí tó gba díẹ̀ ló wó, ohun tó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹni tó dúró lẹ́nubodè lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń wọlé àti ohun tó bá wọn sọ. Mo máa ń rí ìwé àwọn onímọ̀ tó ń sọ pé Libya ló ba Mali jẹ́, bíi pé kò sóhun tẹ́nikẹ́ni ì bá ṣe. Niger ti fi hàn pé nǹkan wà tí wọ́n lè ṣe.

Ìkóríta kejì ni ti ECOWAS, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀ torí ìtìjú ló jẹ́ fún gbogbo wa. Láti April 2012 ni àwọn ààrẹ ti ń ṣèpàdé lórí sójà tí wọ́n fẹ́ rán lọ sí Mali. Wọ́n wá owó, kò sí, wọ́n wá bàálù tó máa kó sójà, kò sí. December 20, 2012 ni UN tó fọwọ́ sí i, ohun táwọn èèyàn UN sì ń sọ ni pé kò lè gbéra kí September 2013 tó pé. Àwọn tó gba òkè Mali ò dúró dè wọ́n. January 10, 2013, wọ́n gba ìlú Konna, wọ́n ti kọjú sí gúúsù, lọ́jọ́ kejì Faransé ti dé pẹ̀lú bàálù ogun. Sójà ECOWAS wá sáré tẹ̀lé wọn, jẹ́nẹ́rà ọmọ Naijíríà ló ṣe olórí wọn, àmọ́ nígbà tó di July ọdún yẹn Naijíríà ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú sójà ẹ̀ bọ̀ nílé torí Boko Haram. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ààbò Sahel ti kúrò lọ́wọ́ ECOWAS, kò sì tíì padà síbẹ̀ títí dòní.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní Kidal ni ọ̀pọ̀ èèyàn fò kọjá, èmi rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Faransé gba Gao àti Timbuktu padà, ará Bamako ń ju àsíá Faransé lójú títì, inú wọn dùn dénú. Wọ́n dé Kidal níparí January, ṣùgbọ́n sójà Mali ò bá wọn wọlé. Àwọn MNLA ló wà níbẹ̀, Faransé sì ń lò wọ́n láti fi wá àwọn jihadi nínú òkè Ifoghas. Lójú ọ̀gágun Faransé ó bọ́gbọ́n mu, jihadi ni wọ́n wá lé, ẹni tó mọ ọ̀nà ni wọ́n á bá ṣiṣẹ́. Lójú ará Mali, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ogun tó fẹ́ pín ìlú wọn sí méjì ni ọ̀rẹ́ wọn tún ń bá jẹun. Ní May 2014 sójà Mali gbìyànjú láti wọ Kidal fúnra wọn, wọ́n lù wọ́n bolẹ̀. Ọgbẹ́ yẹn ò jiná. Nígbà tí sójà Mali àti àwọn Wagner, ọmọ ogun aládàáni láti Rọ́ṣíà, wá wọ Kidal ní November 2023, àwọn èèyàn yọ̀ ní Bamako bí wọ́n ṣe yọ̀ ní 2013, ẹni tí wọ́n ń yọ̀ fún ló yàtọ̀. Ẹni tí ò bá mọ ìtàn Kidal á kàn máa sọ pé Rọ́ṣíà ló tan àwọn ará Mali jẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìròyìn èké wà lóòótọ́, àmọ́ ibi tó ti ń dùn wọ́n tẹ́lẹ̀ ni ìròyìn yẹn fọwọ́ bà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Niger. Bí Mali ṣe ń jó, Niger di ibi tí gbogbo ayé fẹ́ sá sí. Amẹ́ríkà kó dróònù wá sí Niamey ní 2013, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n kọ́ bẹ́ésì sí Agadez tó ná wọn tó bí i 110 mílíọ̀nù dọ́là. Faransé wà níbẹ̀, Jámánì wà níbẹ̀, Ítálì náà wá. Ní February 2014, orílẹ̀-èdè márùn-ún, Mauritania, Mali, Burkina Faso, Niger àti Chad, dá G5 Sahel sílẹ̀ ní Nouakchott. Ẹ ṣàkíyèsí pé Naijíríà ò sí níbẹ̀, Algeria ò sí níbẹ̀, àwọn méjèèjì tó tóbi jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, owó tí wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́ sì ti òkèèrè ni wọ́n ń retí ẹ̀. Ní 2015 ilé aṣòfin Niger tún ṣe òfin kan tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gbé àwọn tó ń lọ sí Libya gba inú aginjù, Yúróòpù ló fẹ́ ẹ torí wọn ò fẹ́ káwọn èèyàn dé etíkun wọn. Àwọn awakọ̀ Agadez, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí bàbá wọn ń ṣe nìyẹn, di ọ̀daràn lójú kan náà. Àwọn míì nínú wọn ti wà lára àwọn tó gbé ìbọn sílẹ̀ nígbà kan torí ìjọba ṣèlérí pé iṣẹ́ máa wà.

Nǹkan tó dàrú níbẹ̀ ni pé iye àwọn tó ń wọlé láti ran Niger lọ́wọ́ ń pọ̀ sí i, òkú náà ń pọ̀ sí i. October 2017, wọ́n lúgọ de sójà Amẹ́ríkà àti Niger ní Tongo Tongo, Amẹ́ríkà mẹ́rin kú, àwọn ọmọ Niger náà kú. December 2019, ẹ̀ka ISIS kọlu bárékè Inates ní Niger, sójà 71 ló kú. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n kọlu bárékè Chinagodrar, sójà 89 kú. Ẹ ronú ohun tí ìyá sójà kan á máa rò nígbà tó ń gbọ́ tí dróònù ń kùn lókè lórí ilé ẹ̀ ní gbogbo òru. November 2021, ọ̀wọ́ ọkọ̀ sójà Faransé ń gba Téra kọjá, àwọn ọ̀dọ́ dínà mọ́ wọn, ìbọn dún, èèyàn kú. Lójú àwọn tó ń wo Niger láti òkèèrè, Niger ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ tó ṣeé gbọ́kàn lé jù ní gbogbo Sahel nígbà yẹn, torí bẹ́ésì ni wọ́n ń kà, wọn ò ka Téra.

Ibi tí ogun kejì tó jìnnà réré ti wọlé nìyí. Mali ti ní kúù ní August 2020, òmíràn ní May 2021, àwọn Wagner ti dé níparí 2021. January 9, 2022, ECOWAS ti bọ́dà Mali pa, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba ẹ̀ ní BCEAO, báńkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná CFA lágbègbè wa, torí àwọn sójà ní àwọn fẹ́ lo ọdún púpọ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, February 24, Rọ́ṣíà wọ Ukraine. Rọ́ṣíà tí gbogbo Yúróòpù ń lé jáde ń wá ọ̀rẹ́ lójú méjèèjì, Mali tí gbogbo àdúgbò ẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ náà ń wá ọ̀rẹ́. Ní March 2022 nígbà tí UN dìbò pé kí Rọ́ṣíà kúrò ní Ukraine, Mali ò dá sí i. Ní February 2023 nígbà tí wọ́n tún dìbò, Mali ti wà lára àwọn méje tó kọ̀ ọ́, òun àti Rọ́ṣíà, Belarus, North Korea, Eritrea, Nicaragua àti Syria. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ ibi tí Mali ń lọ, ìbò méjì yẹn ti sọ ọ́ tán. Ní May 2022 Mali jáde nínú G5, ní August sójà Faransé tó kẹ́yìn kúrò níbẹ̀, Niger sì ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹrù wọn àti àwọn tó kù lọ. Niger gba gbogbo ìbínú tó wà nílẹ̀ Mali mọ́ ẹrù yẹn.

July 26, 2023, ẹ̀ṣọ́ ààrẹ mú ààrẹ Niger, Mohamed Bazoum, nínú ilé ẹ̀, àwọn sójà gbàjọba. Ààrẹ Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága ECOWAS ní July 9 ni. July 30 wọ́n pàdé ní Abuja, wọ́n fún àwọn sójà ní ọ̀sẹ̀ kan pé kí wọ́n dá Bazoum padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn lè lo agbára. Wọ́n ti bọ́dà, Naijíríà gé iná mànàmáná, ó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná Niger ti ń wá. Lọ́jọ́ kejì, July 31, Mali àti Burkina Faso jọ kéde pé ẹni tó bá kọlu Niger ti kọlu àwọn.

Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí AES, ẹgbẹ́ Mali, Burkina Faso àti Niger, September 16 tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ẹ̀, Liptako-Gourma, kàn jẹ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni. Gbèdéke yẹn ò ní sójà lẹ́yìn. Sẹ́nétọ̀ wa ní Abuja fúnra wọn sọ ní August 5 pé kí wọ́n wá ọ̀nà míì, àwọn aṣáájú láti àríwá pariwo pé Hausa kan náà ló wà lápá méjèèjì, ẹni tó ní ìyàwó ní Birnin Konni lè ní ìyá ní Illela, ta ni sójà fẹ́ lọ yìnbọn fún. Ọ̀sẹ̀ náà pé, ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Àwọn sójà tó gbàjọba wá di akọni lójú àwọn tí iná ò sí nílé wọn. Ká sọ pé wọ́n kọ́kọ́ gbé àwọn àgbààgbà lọ, ká sọ pé wọn ò dárúkọ agbára ní gbangba kí wọ́n tó mọ̀ bóyá wọ́n lè lò ó, Niger lè má dara pọ̀ mọ́ Mali àti Burkina bẹ́ẹ̀ kíákíá. Bàbá ìsàlẹ̀ kan ò sí láàárín tó lè pe ẹni méjèèjì, torí gbogbo ẹni tó lè ṣe é ti gbè sápá kan.

Èyí tó kù yára. Sójà Faransé kúrò ní Niger ní December 2023. Wọ́n pa òfin 2015 yẹn rẹ́, àwọn mọ́tò Agadez tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. January 28, 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéde pé àwọn ń jáde ní ECOWAS. Naijíríà ṣí bọ́dà padà ní March, ECOWAS ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí owó wọn, ó ti pẹ́ jù. Àwọn olùkọ́ ogun láti Rọ́ṣíà dé Niamey ní April, Amẹ́ríkà gbé Agadez sílẹ̀ ní August. January 29, 2025, jíjáde yẹn di òótọ́ lábẹ́ òfin.

Ní July 2024 ni ogun méjèèjì tó jìnnà yẹn wá pàdé ara wọn lójú kan, ní Tinzaouaten, ìlú kékeré lẹ́nubodè Mali àti Algeria. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ Tuareg, tó jẹ́ pé àwọn tó wá láti Libya ló tún ẹgbẹ́ wọn dìde, pa ọ̀pọ̀ Wagner àti sójà Mali níbẹ̀, JNIM, ẹgbẹ́ jihadi tó wà lábẹ́ al-Qaeda, náà ní àwọn pa nínú wọn. Agbẹnusọ fún àjọ aṣèwádìí ológun Ukraine wá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ yẹn ti rí ìròyìn tí wọ́n nílò gbà. August 4, Mali gé àjọṣe ẹ̀ pẹ̀lú Ukraine. August 6, Niger náà gé tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ Niger kankan ò bá Ukraine jà. Àdéhùn tó sọ pé ọ̀tá ọ̀kan ni ọ̀tá gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn.

Kí ló wá kan àwa tá a wà nísàlẹ̀? March 2025, Niger jáde nínú MNJTF, ẹgbẹ́ sójà tó ń bá Boko Haram jà yí Lake Chad ká. Lápá ìwọ̀ oòrùn, àwọn igbó W, Arly àti Pendjari tó so Niger, Burkina àti Benin pọ̀ ti di ọ̀nà fún JNIM, wọ́n pa sójà Benin 28 ní January 2025, wọ́n pa 54 sí i ní April. Benin sì rojọ́ ní gbangba pé kò sí sójà tó ń dáhùn lódì kejì bọ́dà. Láti ibẹ̀ sí igbó Kainji àti apá Kwara tó kan Benin ò jìnnà. Níparí October 2025, JNIM sọ pé àwọn ló kọlu sójà ní Kwara, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀ nípa Naijíríà nìyẹn. Olórí JNIM yẹn, Iyad Ag Ghaly, òun kan náà ló dá Ansar Dine sílẹ̀ nígbà tí ogun Mali fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwa Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tá ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ní bárékè, ní ilé ìròyìn, ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ nìyí. Bí ogun bá bẹ̀rẹ̀ níbi tó jìnnà, ẹ má kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa borí. Ẹ béèrè pé àwọn ọmọ wa mélòó ló wà níbẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà wálé, ta ló máa dúró lẹ́nubodè lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó gbọ́ èdè wọn. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni, kò sì gbówó tó dróònù kan. Ẹ máa wo àwọn nǹkan kéékèèké tí ìwé ìròyìn kì í gbé sójú ewé àkọ́kọ́, bí ìbò ní UN, bí ọ̀dọ́ tó dínà mọ́ mọ́tò sójà, bí iṣẹ́ tí òfin tuntun gbà lọ́wọ́ awakọ̀, àwọn ló ń sọ fún yín pé ọ̀rẹ́ kan ti fẹ́ yí padà. Tó bá sì di pé ẹ fẹ́ fìyà jẹ ìjọba kan, ẹ yọ iná àti oúnjẹ kúrò níbẹ̀, ẹ má sì dá ọjọ́ fún ogun tẹ́ ẹ ò tíì kó sójà ẹ̀ jọ.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé kí ọ̀rọ̀ ààbò bọ́dà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ olóṣèlú. Nígbà tí ìjà 2023 bẹ̀rẹ̀, ìṣọ́ bọ́dà tá a jọ ń ṣe dúró pẹ̀lú ìyókù, ó tó ọdún kan kí olórí àwọn ológun wa tó lọ sí Niamey ní August 2024 kí wọ́n lè tún bẹ̀rẹ̀, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè náà lọ ní April 2025. Àwọn agbébọn ò sinmi ní gbogbo ìgbà yẹn. Ìwé àdéhùn kan ṣoṣo tó sọ pé ọ̀gágun tó wà ní Sokoto àti ẹnìkejì ẹ̀ ní Tahoua á máa gbé fóònù ara wọn, ẹni yòówù kó wà nílé ìjọba ní Abuja tàbí Niamey, yàtọ̀ pátápátá sí ECOWAS àti AES, a lè kọ ọ́ lónìí.